Ẹsẹ̀ Mi Lágbára, Síbẹ̀ Mo Ń Ṣubú

Ìwọ tí o ń ṣubú láìsí ẹni tó tì ọ́, tí àwọn ará ilé rẹ sì ń sọ pé ẹsẹ̀ rẹ ti rọ, ìwọ ni mò ń kọ èyí sí. N kò kọ ọ́ kí o lè káàánú mi. Wọ́n ti káàánú mi tó, àánú náà kò sì gbé mi dìde rí. Mo kọ ọ́ nítorí pé nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọ̀nà méjì ni ẹsẹ̀ ń gbà já ènìyàn kulẹ̀. Ẹsẹ̀ lè kọ iṣẹ́ tí o bá rán an. Ó sì lè lọ jíṣẹ́ náà, kó má mú èsì bọ̀. Ẹsẹ̀ tèmi kò kọ iṣẹ́ rí. Èsì ni n kò rí gbà mọ́, ọ̀pọ̀ oṣù ni a sì fi ń wo ohun tí kò ṣe mí.

Mọlémọlé ni mí, másọ̀n ni wọ́n ń pè wá lọ́dọ̀ wa níbí. Ìta Ìjẹ̀bú tó wà lẹ́bàá Sakété ni wọ́n bí mi sí, Sakété náà ni mo ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí a gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé, iṣẹ́ ya lù wá. Gbogbo ìletò ló ń fẹ́ ilé ẹ̀kọ́, gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń fẹ́ ilé onísìmẹ́ńtì. Ọkọ̀ ojú irin ń kó sìmẹ́ńtì bọ̀ láti Àjàṣẹ́, olú ìlú wa, a ó já a ní Sakété, a ó já òmíràn ní Pobè, ilẹ̀ kò sì ní í ṣú kí a tó tún gbọ́ pé ẹlòmíràn ń wá wa. Ta ló ráyè oúnjẹ? Gàrí ni mò ń mu lórí iṣẹ́, gàrí ni mò ń tẹ̀ ní ẹ̀bà bí mo bá délé. Ìyá Délé, ìyàwó mi, ló ń yan án fúnra rẹ̀. Gàrí rẹ̀ ń tà tó bẹ́ẹ̀ tí kì í lè dúró kí ẹ̀gẹ́ tó rin pẹ́ nínú àpò kó sì kan dáadáa kó tó gbé e kaná. Ẹja jẹ́ ti ọjọ́ ọdún. Báyìí ni gbogbo wa ń jẹun, kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú níbẹ̀.

Àtẹ́lẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ń jó mi bí ẹni tó ń rìn nínú eérú tí iná rẹ̀ kò tíì kú tán. Lálẹ́, ilẹ̀ tútù ni mò ń wá fẹsẹ̀ lé. Nígbà tó yá, jíjó náà dákẹ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò yẹ kí n dúpẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ di nǹkan mùkẹ̀mukẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, bí ẹni pé wọ́n tẹ́ òwú sí gbogbo ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan mò ń ti ọjà bọ̀, obìnrin kan ké sí mi láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá, ẹ fi bàtà yín sílẹ̀!" Mo wo ẹsẹ̀ mi, sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì kò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti fi ẹsẹ̀ lásán rìn kọjá ìsọ̀ bí mélòó kan, n kò mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, obìnrin náà rẹ́rìn-ín, mo wọ bàtà mi, mo bá tèmi lọ.

Balùwẹ̀ ni n kò ti lè rẹ́rìn-ín mọ́. Mo fi ọṣẹ sójú, mo dijú kí ọṣẹ má baà ta mí, àfi gbàgà! Ara ògiri imọ̀ ọ̀pẹ ni mo bá ara mi. Kò sí òòyì, kò sí orí fífọ́. Ó kàn jẹ́ pé bí mo ti dijú ni n kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi wà mọ́. Mo rò pé ilẹ̀ ló yọ̀. Mo da iyanrìn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo tún ṣubú lórí iyanrìn náà.

Lẹ́nu iṣẹ́, ohun tó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu ni pé agbára mi kò dín. Mo ṣì ń gbé àpò sìmẹ́ńtì láti ibùdókọ̀ ojú irin títí dé ibi iṣẹ́, níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń wo ẹsẹ̀ mi bí mo ṣe ń gbé e. Ṣùgbọ́n mọlémọlé kì í wo ẹsẹ̀, ògiri ló ń wò. Nígbà tí mo wà lórí pákó tí a ń dúró lé fi mọ ògiri òkè, tí mo sì gbójú sókè láti wo okùn ìwọ̀n, ara mi ń fì bí igi tí wọ́n gé kù díẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ méjì ló gbá mi mú. Ọ̀gá wa ní kí n sọ̀ kalẹ̀, ó sì fa imú súnmọ́ ẹnu mi.

"Másọ̀n, sódàbì wo lo mu láàárọ̀ yìí?"

"Ọ̀gá, ìjọ aláṣọ funfun ni mo wà. A kì í fẹnu kan ọtí."

"Ẹni tí kò mutí kì í rìn báyìí. Wo bí o ṣe la ẹsẹ̀ gbàgadà! Má lọ pa ara rẹ sí mi lọ́rùn o."

Báyìí ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo Sakété ti gbọ́ pé Àkànní másọ̀n ti di ọ̀mùtí. Inú bí mi. Títí di òní, bí mo bá rántí, inú ṣì ń bí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọmọ ìyá, Bàbá Ráfíù, tó ń ta aṣọ lọ́jà Sakété, kò gba ti ọtí gbọ́. Ó ní ẹsẹ̀ mi ló rọ. "Iṣan rẹ ló ti tutù nínú omi sìmẹ́ńtì. Iná ni yóò jí i." Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ mi kò rọ, mo tilẹ̀ fẹsẹ̀ ti àpótí kan kó rí i. Ó ní aláìsàn kì í mọ àìsàn ara rẹ̀. Ó mú ewé wá, ó ní kí wọ́n gbé omi kaná, ó sì ki ẹsẹ̀ mi méjèèjì bọ inú àwo ńlá.

"Ó gbóná?"

"Kò gbóná, Ẹ̀gbọ́n."

Ó bu kún un. "Nísinsìnyí ńkọ́?"

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Ó tún bu kún un. Ìyá Délé wọlé, ó fẹ́ gbọ́n omi tó ta sílẹ̀, ó ti ìka bọ inú àwo, ó sì figbe ta. Nígbà tí wọ́n fi yọ ẹsẹ̀ mi, awọ ti ń ká lára rẹ̀. Mo wò ó bí ẹni ń wo ẹran lórí tábìlì alápatà. Kò dùn mí. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, irú rẹ̀ kò bà mí rí, nítorí mo mọ̀ pé ó yẹ kó dùn mí. Bàbá Ráfíù jókòó sílẹ̀, ó fi fìlà bojú, ó sunkún bí ọmọdé.

Egbò yẹn ló lé mi sínú ìjọ. N kò lè jáde, n kò ríṣẹ́ ṣe, àdúrà nìkan ló kù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìjọ wa mọ̀ pé a máa ń dìde dúró, a ó bọ́ bàtà, a ó na ọwọ́ sókè, a ó sì dijú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ pẹ̀lú egbò, mo fi ọwọ́ di àga kan mú. Nígbà tí Alàgbà ní kí gbogbo wa na ọwọ́ sí Ọlọ́run, mo fi àga sílẹ̀, mo dijú, mo sì lulẹ̀ gbìì.

Orin ta. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí pariwo "Mímọ́!" Wọ́n ní Ẹ̀mí ti gbé mi. Alàgbà kúnlẹ̀ tì mí, ó rọra bi mí pé, "Arákùnrin Àkànní, kí lẹ rí?"

Kí ni mo fẹ́ rí? Mo dijú ni. Mo sọ òtítọ́. Mo ní, "Òkùnkùn ni mo rí."

Ìbẹ̀rù mú gbogbo ìjọ. Wọ́n gbààwẹ̀ nítorí òkùnkùn yẹn kó má baà bo ìlú. Lọ́sẹ̀ kejì mo tún ṣubú, lọ́sẹ̀ kẹta bákan náà. Àwọn tó ń pè mí ní ọ̀mùtí ń dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú ọ̀nà. Wọ́n rán sùtánà tuntun fún mi, wọ́n fún mi ní ìjókòó níwájú. Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Èmi náà gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ẹni tí wọ́n ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ bí ajá, bí wọ́n bá sọ fún un pé Ọlọ́run ló ń gbé e ṣubú, kí ni yóò ṣe tí kò ní í gbà?

Wọ́n ní kí n máa gbé inú ọgbà ìjọ, kí n máa gbààwẹ̀ kí ìran náà lè ṣe kedere. Gàrí àti omi tútù ni mo fi ń ṣínu. Oṣù méjì géérégé ni mo fi wà níbẹ̀. Kàkà kí ìran ṣe kedere, ojú mi ló bẹ̀rẹ̀ sí ṣú. Ọ̀rọ̀ inú Bíbélì ń pòórá láàárín gbùngbùn, etí ìwé nìkan ni mò ń rí. Ìka ọwọ́ mi náà kò mọ bọ́tìnì yàtọ̀ sí ìhò bọ́tìnì mọ́. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ojú ti ara ló ń kú kí ojú ti ẹ̀mí lè là.

Ìyá Délé ló rídìí rẹ̀. Ó gbé oúnjẹ wá fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò sí àdúrà, kò sí orin, kò sí ẹnì kankan nínú ọgbà àfi àwa méjèèjì. Ó gbé abọ́ sílẹ̀.

"Bàbá Délé, ẹ dìde dúró."

Mo dìde.

"Ẹ pa ẹsẹ̀ pọ̀. Ẹ dijú."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ṣáà dijú."

Mo dijú, mo ṣubú. Ó ti na apá sílẹ̀ dè mí, òun ló gbá mi mú.

"Ẹ̀mí kò sí níbí," ó ní. "Ta ló gbàdúrà? Èmi nìkan ni mo wà níbí. Nínú balùwẹ̀, ẹ dijú, ẹ ṣubú. Nínú ìjọ, ẹ dijú, ẹ ṣubú. Bí iná fìtílà bá kú nílé, ẹ ṣubú. Àìsàn ni. Ẹ jẹ́ ká lọ sí lópítà ní Pobè."

Mo bínú sí i. Mo ní ó fẹ́ gba ohun tó kù mí kù lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹsẹ̀ yín ni mo fẹ́ kó kù yín kù." Ó lọ bá Alàgbà fúnra rẹ̀. Mo rò pé Alàgbà yóò bá a jà, ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó sọ fún mi pé, "Arákùnrin, ẹ máa lọ. Bí ó bá jẹ́ Ẹ̀mí ni, dọ̀tọ̀ kò lè lé e. Bí ó bá sì jẹ́ àìsàn ni, àwa ti pẹ́ jù." Ó gbà mí lọ́wọ́ títí dé ẹnu ọ̀nà.

Bàbá Ráfíù tako lílọ náà. Ó ní ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń gé ẹsẹ̀ ènìyàn. Ìyá Délé na ìka sí egbò ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló padà san owó ọkọ̀ ojú irin, torí kẹ̀kẹ́ mi àti irinṣẹ́ mi ti lọ sọ́wọ́ ẹni tó rà wọ́n.

Èrò ilé ìwòsàn Pobè kún dé ìdí igi máńgòrò. Dọ̀tọ̀ tó ń wá láti Àjàṣẹ́ kì í wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà bí ó bá dé, gbogbo ayé ló ń dé. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi yí bá wa. Ẹni tó jókòó tì mí ni Òjó, àgbẹ̀ láti Ìsàbà, tí àbúrò rẹ̀ pọ̀n wá lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Eṣinṣin kan bà lé e lọ́mọ ìka ẹsẹ̀.

"Ẹ dákun, ẹ bá mi lé eléyìí," ó ní. "Ó ń yún mi, ó fẹ́ pa mí."

Mo wò ó tìyanutìyanu. "Ẹ kò lè mi ẹsẹ̀ yẹn?"

"Bí mo bá lè mì í, ṣé màá bẹ̀ yín?" Ó tún wo ẹsẹ̀ tèmi, ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin kò mọ̀ pé eṣinṣin ti bo egbò yín ni?"

N kò mọ̀. Mo gbọn ẹsẹ̀, wọ́n fò lọ wùùù. Àwa méjèèjì wo ara wa. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ mọ ohun gbogbo, kò lè ṣe nǹkan kan. Ẹsẹ̀ tèmi lè ṣe ohun gbogbo, kò mọ nǹkan kan. Ohun tí mo kọ́ lórí bẹ́ǹṣì yẹn, n kò tíì gbàgbé rẹ̀ títí di òní.

Nígbà tó kàn mí, dọ̀tọ̀ ní kí n fẹsẹ̀ ti ọwọ́ òun. Mo tì í débi pé díẹ̀ ló kù kó ṣubú sórí àga rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ Faransé, olùtọ́jú aláìsàn tó dúró tì í sì túmọ̀ rẹ̀ pé, "Ó ní agbára ẹsẹ̀ yín pé." Ó wá ní kí n dijú. Ó mú ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi, ó ń gbé e sókè, ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó ní kí n máa sọ ibi tó lọ. Mo ń sọ, sókè, sílẹ̀, pẹ̀lú ìdánilójú. Nígbà tí mo lajú, ojú Ìyá Délé kún fún omijé. Ó ti pẹ́ tí dọ̀tọ̀ ti jáwọ́ lára ìka náà, èmi ṣì ń dáhùn.

Ó ní kí n dúró, kí n dijú. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún wa. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń ṣàìsàn, okùn tínínrín tó ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí orí ni. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ mi kò ti ròyìn mọ́, ojú mi ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ojú ló ń wo ilẹ̀, ojú ló ń sọ fún mi pé mo dúró. Bí mo bá sì ti dijú, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́. Ó bi wá léèrè ohun tí mò ń jẹ. Bí Ìyá Délé ti ń sọ ọ́ ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Dọ̀tọ̀ ní wọn kò tíì mọ̀ dájú, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀ lára àwọn tó ń fi ẹ̀gẹ́ nìkan ṣayé, pàápàá èyí tí kò kan dáadáa, láìsí ẹja, láìsí ẹ̀wà. Oró kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ okùn náà díẹ̀díẹ̀, òun náà ló sì ń jẹ okùn ojú. Mo bi í bóyá yóò padà. Ó ní ohun tó ti jẹ tán kì í sábà padà, kí a sáré dá èyí tó kù dúró.

Abẹ́rẹ́ ni, oògùn oníhóró ni, ẹ̀wà àti ẹja ni, kí gàrí sì yàgò. Ẹsẹ̀ kò burú ju bó ṣe wà lọ mọ́. Egbò mi jiná. Òjó kò rí bẹ́ẹ̀. Àbúrò rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àgbẹ̀ náà kú ní Ìsàbà nígbà òjò, wọ́n sì ní títí dé òpin ó ń kérora bí ẹnikẹ́ni bá fi aṣọ kan ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Délé ló ṣòro fún jù. Ó lé gbogbo ọ̀rẹ́ tó wá kí i lọ. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi bọ́ ọkọ mi," ohun tó ń sọ nìyẹn, kò sí bí mo ṣe lè bẹ̀ ẹ́ tó. Nísinsìnyí ó ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kan dáadáa kó tó yan án, bí àwọn oníbàárà tilẹ̀ ń kùn. Èmi kò fẹnu kàn án mọ́.

Nítorí náà, gbọ́ mi. Bí ẹsẹ̀ bá kọ̀ láti gbéra tí o sì ń mọ gbogbo nǹkan lára rẹ̀, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún dọ̀tọ̀. Bí ó bá sì ń gbéra ṣùgbọ́n tí bàtà ń bọ́ tí o kò mọ̀, tí omi gbígbóná kò gbóná, tí o ń ṣubú bí o bá fọ ojú, èyí náà kì í ṣe àárẹ̀, kì í ṣe ọtí, kì í sì í ṣe Ẹ̀mí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi gbígbóná dán ọ wò. Má dúró dìgbà tí ojú rẹ bá ṣú. Èmi dúró pẹ́ jù.

Lónìí, ọ̀pá méjì ni mo fi ń rìn, mo sì ń wo ẹsẹ̀ mi ní gbogbo ìṣísẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti jókòó. Mo ń kọ èyí ní lẹ́tà gàdàgbà, ojú ni mo fi ń darí ìka mi. Dọ̀tọ̀ ní ojú náà ti dúró síbi tó wà, èmi sì gbà á gbọ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn. Mò ń ti ẹnu ọ̀nà lọ síbi àga mi, mo la ojú mi méjèèjì sílẹ̀, mo sì ń wo ilẹ̀. Mo ṣubú. Ìyá Délé sáré wá láti ìdí agbada pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ó fà mí dìde, ó ń wo ojú mi.

"Bàbá Délé, ṣé ẹ dijú ni?"

Mo rántí bó ṣe ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo dijú."

Ó mí kanlẹ̀, ó gbọn eruku lára aṣọ mi, ó sì padà sídìí iná rẹ̀.